Ìgò Tó Dé Fìlà Ẹlòmíràn

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjì ti sọ̀rọ̀," ni Dókítà Geneviève wí. Ó tẹ ìwé kan mọ́ orí tábìlì bí ẹni tó ń tẹ aáyán pa. "Àwọn tó ni oògùn ló kọ̀wé wá: nọ́ńbà 19 àti nọ́ńbà 31. Oògùn asán ló yẹ kí àwọn méjèèjì máa lò. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, oògùn gidi ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kíkẹ́, ta ló gbé e síbẹ̀?"

Kíkẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wo nọ́ńbà méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn fúnra rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ti ń rọ̀ lára okùn aláwọ̀ ewé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe apòògùn ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà ń bá a wẹ̀, ó ń bá a sùn.

Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé na ọwọ́ sí i. Kọ̀mísáárì Augustin ni, ọlọ́pàá tó sanra díẹ̀, tí aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ ju ti dókítà lọ.

"Mademoiselle, ẹ bọ́ ọ fún mi."

Kíkẹ́ bọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun èèyàn.

Ilé Ìwádìí náà wà ní Adakpamé ní Lomé, kò jìnnà sí èbúté. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, fèrè ọkọ̀ ojú omi a máa já lu ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ló ń gba oògùn níbẹ̀, gbogbo wọn ló ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tó máa ń tẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ bíi dòjé, tó sì máa ń kó ìrora sínú egungun rẹ̀. Oògùn tuntun ni wọ́n ń dán wò. Bí Kíkẹ́ bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá, bí àlọ́ ló máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Á ní nínú oyún, Ọlọ́run fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í tẹ̀. Bí ọmọ bá dáyé, tó ń lọ bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ yẹn á lọ sùn, ẹ̀jẹ̀ àgbà á gba ipò rẹ̀. Ìgbà náà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá wádìí títí, wọ́n rí oògùn tó lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ tó sùn, kó ní, "Dìde, iṣẹ́ ò tíì tán."

Kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìrètí ìyá ọmọ, wọ́n fún ìdajì àwọn ọmọ ní oògùn gidi, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn asán. Hóró kan náà, àwọ̀ kan náà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Àwọn tó wà lókè òkun nìkan ló mọ èwo ni èwo. Ìwé àṣírí kan ṣoṣo ló wà ní Lomé, a lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpò ìwé nítorí ọjọ́ pàjáwìrì, inú kọ́bọ́ọ̀dù Kíkẹ́ náà ló sì wà.

"Ọmọ ìyá kan náà ni 19 àti 31," ni Kọ̀mísáárì wí. "Ìyá wọn ń jẹ́ Ìsìlámíyátù. Èdè wo lẹ fi ń kí ara yín?"

"Yorùbá," ni Kíkẹ́ dáhùn.

"Voilà, èdè kan náà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀.

"Ọ̀sán Jímọ̀ ni àwọn tó ni oògùn ń bọ̀," ni Dókítà Geneviève wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ báyìí. "Bí n kò bá lè sọ ẹni tó ṣe é, wọ́n á ti ìwádìí yìí pa, wọ́n á kó oògùn wọn lọ. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta, Kíkẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mademoiselle, ẹ má kúrò nílùú," ni Augustin fi kún un.

Kíkẹ́ mọ̀ pé ọlọ́pàá kì í ṣàdédé pe èèyàn ní mademoiselle lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

*

Ọ̀rẹ́ ìyá náà, Àlàájà Ìdíátù Bàlògún, ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹ ẹrù àwọn obìnrin wò ní bodè Kodjoviakopé kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bí obìnrin bá di ohun kan mọ́ ọmọ tó pọ̀n, Ìdíátù á kí ọmọ náà, á sì kí ohun náà pẹ̀lú. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ní agogo mẹ́wàá, ọwọ́ kan di ìborùn mú, ọwọ́ kejì gbé àyímólú tí wọ́n fi ewé dì.

"Jẹun," ló kọ́kọ́ sọ fún Kíkẹ́. "Ìrẹsì àti ẹ̀wà kò mọ ẹjọ́ rẹ."

"Màmá, ẹ̀mí mi ò gbà á."

"Ẹ̀mí rẹ kọ́ ló ń jẹun. Lanu."

Kọ̀mísáárì Augustin yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Davi Ìdíátù, ẹ̀gbọ́n wa! Ta ló pè yín síbí?"

"Augustin, o ti tún sanra. Bodè ò jẹ́ kí o sanra báyìí nígbà tí a jọ wà níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ní Lomé, ẹni tó bá bá ọ yẹ ẹrù wò rí ti di ẹbí rẹ.

Ìdíátù yíjú sí Kíkẹ́. "Ṣé o jí oògùn?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé o mọ èyí tó jẹ́ gidi?"

"N kò mọ̀. Mo ti fi ahọ́n tọ́ ọ wò rí nígbà kan," ni Kíkẹ́ jẹ́wọ́, ojú tì í. "Adùn kan náà ni gbogbo wọn."

Ìdíátù bú sẹ́rìn-ín. "Ó tán. Olè kì í jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò bi í."

Ó ní kí Augustin ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò fọwọ́ kan àpò ìwé àṣírí náà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Eruku orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò tíì sùn lé. Kò sẹ́ni tó gbé e. Bí kò bá sì sẹ́ni tó gbé e, ọmọ yìí ò lè mọ èwo ni gidi. Ẹni tó bá ń ṣe ojúsàájú nínú òkùnkùn, ó lè gbé asán fún ẹni tó fẹ́ràn."

"Ó dáa," ni Augustin wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ ò lè ṣe oògùn fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ni mo gbọ́dọ̀ mú wá ní Jímọ̀."

"O ó rí i. Pe ẹni tó ń gba ìgò padà."

Gisèle ni, nọ́ọ̀sì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè parí kó tó dáhùn. Lóṣooṣù, ìyá kọ̀ọ̀kan ń dá ìgò rẹ̀ padà, òun á ka hóró tó ṣẹ́kù, á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìyá 19 àti 31, irú ìyá wo ni?" ni Ìdíátù bi í.

"Ìyá dáadáa! Ó mọ́ra, kì í pẹ́. Hóró ọmọ rẹ̀ méjèèjì máa ń ṣẹ́ ku iye kan náà. Lóṣù tó kọjá, méjì-méjì. Lóṣù tó ṣáájú rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta."

"Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?"

"Háà, ìyẹn dà bí ọjà. Ọmọ kan á bì, wọ́n á fún un ní òmíràn. Ọmọ kan á gbàgbé. Ẹnì kan á ku márùn-ún, ẹnì kan á ku ẹyọ kan."

Ìdíátù bọ́ awò ojú rẹ̀. Kíkẹ́ mọ àmì náà láti kékeré: àwọn mìíràn ń fi awò ríran, Àlàájà ń bọ́ tirẹ̀ kó tó ríran.

"Ṣé àwọn ọmọ méjèèjì máa ń forí korí ni, kí wọ́n tó bì?"

Gisèle pa ìwé rẹ̀ dé. Ó wò yíká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "N kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ṣùgbọ́n Ràsákì, awakọ̀ wa. Òun ló yẹ kó máa sun àwọn ìgò àtijọ́. Mo rí i tó ń kó wọn sínú àpò ara rẹ̀."

Augustin ti dìde kó tó sọ tán.

*

Ràsákì ń nu mọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá a.

"Ìgò dà?" ni Ìdíátù wí.

"Ìgò wo, Àlàájà?"

"Ìgò tó ń mú ọ làágùn nínú afẹ́fẹ́ òkun yìí."

Aṣọ ìnumọ́tò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó mi ni. Fàrídà. Ó ní ìgò náà dára ju ohun tí wọ́n ń jù sínú iná lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí dókítà gbọ́."

"Mo ti mú olè mi!" ni Augustin kígbe. Wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di Cacaveli, níbi tí Ràsákì ń gbé. Lójú ọ̀nà, Kíkẹ́ jókòó ti Ràsákì, ó sì ń gbàdúrà kó jẹ́ pé ọkùnrin náà ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ojú tì í fún àdúrà bẹ́ẹ̀, nítorí Ràsákì máa ń gbé e sọ̀ nílé bí òjò bá ń rọ̀.

Fàrídà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, tábìlì kékeré níwájú rẹ̀. Ìgò funfun tó lé ní ogún tò sórí rẹ̀. Ìgò Ilé Ìwádìí ni, kò ṣe é sẹ́.

"Kí ló wà nínú wọn, madame?" Augustin kò dúró de èsì. Ó já fìlà orí ìgò kan, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì fà á símú bí ọ̀gá. Ló bá sín. Ìyẹ̀fun dúdú kan bú jáde, ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó bo àyà aṣọ funfun náà.

"Tìróò ni," ni Fàrídà wí pẹ̀lú ẹ̀rù. "Ojúlówó ni, ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ̀ ọ́."

"Ó yẹ ọ́, Augustin," ni Ìdíátù wí. "Ojú rẹ ti wá mọ́ báyìí. Bóyá wàá ríran."

Ràsákì pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n yẹ gbogbo ìgò wò, tìróò ni títí dé èyí tó kẹ́yìn. Augustin ń fi áńkáṣì nu ojú, ó sì ń tàn án kálẹ̀ sí i. Kíkẹ́ rò pé ọ̀nà ti dí. Ṣùgbọ́n Fàrídà, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n kó ìgò rẹ̀ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn ìgò náà ṣe ń yọ òun lẹ́nu tó.

"Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n níṣẹ́ nínú. Ìgò ní nọ́ńbà, fìlà rẹ̀ náà ní nọ́ńbà. Bí mo bá ṣí wọn sórí ẹní láti rọ tìróò sí i, tí n kò bá fara balẹ̀, fìlà eléyìí á bọ́ sórí tọ̀hún. Àwọn oníbàárà á ní ayédèrú ni mo ń tà."

Ìdíátù bọ́ awò ojú.

"Tún un sọ," ló wí jẹ́jẹ́.

"Mo ní fìlà eléyìí á bọ́ sórí tọ̀hún."

"Ọlọ́run á bù kún ọjà rẹ, ọmọ mi. Augustin, ṣáná sí mọ́tò. Kíkẹ́, àwọn ìgò oṣù mẹ́ta yìí, ṣé wọ́n ti sun wọ́n?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n wà nínú àpò ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn àlejò Jímọ̀ ló fẹ́ kà wọ́n."

*

Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n da àwọn ìgò sí i. Kíkẹ́ ń ka nọ́ńbà ara ìgò, Dókítà Geneviève tí wọ́n ti pè wá ń ka nọ́ńbà fìlà. 1 pẹ̀lú 1. 2 pẹ̀lú 2. Ó ń lọ bí ìdánrawò nílé ìwé, títí Kíkẹ́ fi wí pé, "Ìgò 7," tí dókítà sì wí pé, "Fìlà 31."

Wọ́n wo ara wọn.

Nígbà tí wọ́n parí, ìgò tó lé ní ogóje ni wọ́n ti kà. Ìgò kọ̀ọ̀kan dé fìlà tirẹ̀, àfi mẹ́jọ. Nínú ìgò mẹ́jọ náà, nọ́ńbà mẹ́rin péré ló ń padà wá: 7, 19, 23, 31. Lóṣù kìíní, 7 dé fìlà 31, 31 sì dé fìlà 7. Lóṣù kejì, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pààrọ̀. Lóṣù kẹta, 19 àti 23.

"Bóyá Gisèle ló dà wọ́n rú níbí," ni Augustin wí. Tìróò ṣì wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni 19 àti 31 ń wá?" ni Ìdíátù bi Kíkẹ́.

"Ìṣẹ́gun."

"7 àti 23?"

"Ọjọ́bọ̀. Obìnrin mìíràn ló ń mú wọn wá, Ṣùkúrátù ni wọ́n ń pè é."

"Wọ́n ń wá lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ obìnrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ wọ́n ti pààrọ̀ fìlà kí wọ́n tó dé. Augustin, bí ọkùnrin méjì bá jáde láti ilé méjì, tí oníkálukú dé fìlà èkejì, ibo ni wọ́n ti jọ ṣí fìlà?"

"Ibì kan náà," ni Augustin wí díẹ̀díẹ̀.

"Orí ẹní kan náà. Geneviève, ọmọ mi, bá mi wo ìwé Gisèle. Hóró mélòó ló kù fún 7 àti 23 lóṣù tó kọjá?"

Dókítà ṣí ìwé. "Méjì-méjì." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Mẹ́ta-mẹ́ta."

"Bíi ti 19 àti 31 gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbí. Ẹnì kan ló ń da ìgò mẹ́rin pọ̀, tó ń rò ó pọ̀, tó sì ń pín in dọ́gba. Kọ̀wé sí àwọn èèyàn rẹ lókè òkun. Má sọ ìdí. Kàn ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ 7 àti 23 dáadáa. Bí ó bá jẹ́ oògùn gidi ló wà nínú ìgò wọn, ìdajì rẹ̀ péré ni wọ́n á bá lára wọn. Ìdajì kejì ni ẹ ti rí lára àwọn tọ̀hún."

"Bí wọn ò bá rí ìdajì ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo ti darúgbó. Ẹ lè mú Kíkẹ́ nígbà náà, màá bá a gbé oúnjẹ lọ."

Kíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Èsì dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Dókítà Geneviève kà á lórí ìdúró, ó tún un kà, ó sì wá àga jókòó.

"Ìdajì," ló wí. "Mon Dieu. Ìdajì ni."

*

Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kò sí ohun tó so àwọn obìnrin méjèèjì pọ̀. Orúkọ ọkọ wọn, Àmúsà, ló wà lórí ìwé ọmọ Ìsìlámíyátù. Pọ̀tònóvò ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ Ṣùkúrátù, orúkọ bàbá ìyá wọn ló sì wà nínú ìwé ìbí wọn. Ní ti àdírẹ́sì, ọ̀kan kọ "ẹ̀yìn mọ́sálásí," èkejì kọ "iwájú ibi tí wọ́n ti ń la pákó."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ìdíátù dúró lẹ́yìn mọ́sálásí, ó kan ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù kan. Kó tó di pé wọ́n ṣí i, ó fa Augustin lọ́wọ́ yí ilé náà po, ó fi ilẹ̀kùn mìíràn hàn án ní ìhà kejì. Iwájú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń la pákó, tí ó ń han gooro.

"Ilé kan, ilẹ̀kùn méjì," ló wí. "Ìyálé ń gba ibí jáde, ìyàwó ń gba ibẹ̀. Wọ́n á wá jẹun láàárín."

Ìsìlámíyátù ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin gíga tí ìdúró rẹ̀ dà bíi ti olùkọ́. Àmúsà ti lọ síbi iṣẹ́ ní Zone franche, àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùkúrátù ń fẹ́ná lágbàálá. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, abọ́ tánganran ńlá kan wà lórí àpótí, ó ní òdòdó pupa létí, ó sì ti gé díẹ̀ níbì kan.

"Ìyá Àyìndé," ni Ìdíátù wí lẹ́yìn ìkíni, ó sì fi ẹnu tọ́ka. "Ṣé abọ́ yẹn lẹ ti ń pò ó?"

Ìsìlámíyátù kò bèèrè pé kí ni. Ó jókòó.

"Òun ni. Èmi ni mo ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Irọ́ ni!" ni Ṣùkúrátù ké, ó sì sáré wá kúnlẹ̀. "Ẹ má dá ìyálé mi lóhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ìgò tèmi wá bá wọn."

"Ṣùkúrátù, dákẹ́."

"N kò ní dákẹ́, Ìyá wa. Oṣù márùn-ún ni àwọn ọmọ mi fi ń sáré kiri, tí àwọn tiwọn ń ké egungun, egungun. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa! Mo ń gbọ́ bí Àyìndé ṣe ń bẹ egungun ara rẹ̀. Mo ní, bí oògùn tèmi bá dára ju tiwọn, ẹ jẹ́ ká dà á pọ̀. Wọ́n kọ̀. Mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ kan péré," ni Ìsìlámíyátù wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni!"

"Àmọ́ èmi ni mo dà á sínú abọ́. Ẹ kọ orúkọ mi. Ẹran ọdún, aṣọ iléèwé, ohun gbogbo tó bá wọ ilé yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń pín in, kò sẹ́ni tó rojọ́ rí. Bí hóró kan bá ṣẹ́kù tí kò ṣe é pín sọ́nà mẹ́rin, mo ń sọ ọ́ dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo yan ọmọ kan láàyò."

Augustin di ìwé kékeré rẹ̀ mú, kò mọ ohun tí yóò kọ. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá," ló sọ fún Ìdíátù ní èdè Mina. "N kò rí ibi tí wọ́n ti ń jà du ẹ̀bi rí."

Kíkẹ́ ló wá sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa jẹ ti inú ìgò tirẹ̀."

"O sọ ọ́, ọmọ mi, a sì gbọ́," ni Ìsìlámíyátù dáhùn. "Mo tiẹ̀ kà á síta nílé. Ṣùgbọ́n wo ilé yìí. Ta lo rí tó ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀?"

Kíkẹ́ wo abọ́ náà. Ó wá kúnlẹ̀ ti Ṣùkúrátù, ó sì ṣàlàyé fún wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣàlàyé, bí àlọ́: pé oògùn ìdajì lè má lágbára tó láti jí ẹ̀jẹ̀ tó sùn, pé bí àwọn tó ń kà á bá rí i pé asán náà ń wo ọmọ sàn, wọ́n lè rò pé gidi ò níṣẹ́, kí wọ́n sì kó o dànù, kó má sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn láéláé. Ó sọ fún wọn pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá ti ìwádìí náà pa, àti pé orúkọ òun ni wọ́n fẹ́ kọ síbi olè.

Ìsìlámíyátù gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó da omi sínú abọ́ tánganran náà, ó fọ̀ ọ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún gbẹ, ó sì gbé e lé Kíkẹ́ lọ́wọ́.

"Gbé e lọ bá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ rí olè, kí wọ́n wò ó. Èmi náà ń bọ̀ lọ́la, màá fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Kò sí ibi tí ẹ máa lọ tí n kò ní lọ," ni Ṣùkúrátù wí.

*

Lọ́sàn-án Jímọ̀, abọ́ náà wà láàárín tábìlì ìpàdé, Kọ̀mísáárì Augustin sì ti so ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá mọ́ ọn létí. Ìyálé jókòó lápá ọ̀tún, ìyàwó lápá òsì. Àwọn àlejò láti òkè òkun jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n tún un sọ. Ìsìlámíyátù tún un sọ láìyí nǹkan kan padà. Ṣùkúrátù ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi sunkún.

Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn àlejò náà wo abọ́, ó wo ìwé àyẹ̀wò. "Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ló wí. "Láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń jẹ ìdajì, mélòó ló ti wá sùn nílé ìwòsàn?"

Dókítà Geneviève ti mọ̀ kó tó ṣí ìwé. "Kò sí ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ọmọ mẹ́rin kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi ṣe ìbéèrè. A kò bèèrè rí bóyá ìdajì lè tó. Ìyá yìí ló bèèrè fún wa, láìmọ̀."

Wọ́n ṣèpàdé títí ìrun alásárì fi kù díẹ̀. Wọ́n ní àwọn á yọ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú kíkà, ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ wọ́n kúrò nínú oògùn: oníkálukú wọn yóò máa gba gidi lójú dókítà. Ìwádìí kò ní tì. Láti òní lọ, ọmọ tó bá jọ ń gbé ilé kan yóò máa gba irú ìgò kan náà. Kọ̀mísáárì yọ okùn aláwọ̀ ewé láti àpò rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ Kíkẹ́ lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń fi oyè dánilọ́lá.

"Ta ni mo wá máa kọ síbi ẹlẹ́ṣẹ̀ báyìí?" ló bi Ìdíátù.

"Kọ abọ́. Ó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀."

"Ẹ má gbà á lọ o," ni Ìsìlámíyátù wí. "Inú rẹ̀ ni wọ́n á ti jẹun alẹ́."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kíkẹ́ jókòó nídìí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìbéèrè tó wà lókè pátápátá, kí orúkọ tó dé, kí ọjọ́ orí tó dé. Àlàájà Ìdíátù jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní òun kàn wá gba afẹ́fẹ́ ni. Ìyá tuntun kan wọlé, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Kíkẹ́ wí, ó sì gbé bírò. "Ọmọ mélòó ló jọ ń jẹun nínú abọ́ kan nílé yín?"

Ìyá náà rò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, ó kà á tán lọ́wọ́ kan, ó bọ́ sí èkejì, ó tún dúró.

"Ti ọ̀sán ni àbí ti alẹ́?" ló bèèrè. "Nítorí àwọn ọmọ ilé kejì máa ń wá bá wa jẹ ti alẹ́."

Kíkẹ́ wo Ìdíátù. Ìdíátù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún. Kíkẹ́ fa ìlà sábẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, ó sì kọ èkejì sí i: "Àwọn ọmọ ilé mìíràn wo ló ń wá bá yín jẹun?"